Bàbá Àgbà Tó Kọ̀ Láti Dúpẹ́

Bàbá àgbà mi kì í wo ojú ènìyàn kí wọ́n tó wo kọ́là rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tí a ń sọ pé kó jókòó, ojú bàbá àgbà á ti wà ní ọrùn onítọ̀hún, wọ́n á máa wò ó bóyá kọ́là náà dúró tàbí ó ti sùn. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n ṣe ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń rì í sínú sítáàṣì, wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, wọn kò sì gbà pé ẹni tí kọ́là rẹ̀ wó lè ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Nígbà kan, pásítọ̀ tuntun dé ìjọ wa, gbogbo èèyàn ń yin ìwàásù rẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá àgbà ní, "Ó mọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ta ló ń bá a lọ aṣọ?"

Nígbà tí wọ́n kú, ìjọ ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìn, torí pé èmi ni ọmọ ọmọ tó kàwé jù. Mo jókòó ti bébà, mi ò rí nǹkan kọ. Ọdún tí wọ́n bí wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n: ọ̀tọ̀ ni èyí tó wà nínú káàdì wọn, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá ń bá Bàbá Délé ọ̀rẹ́ wọn jiyàn ta ni ẹ̀gbọ́n. Èjìgbò ni wọ́n bí wọn sí, Abidjan ni wọ́n kú sí. Ìyẹn tán. Èyí tó kù kò ṣeé kọ sínú ìwé ètò, nítorí ohun tí gbogbo ìjọ fi mọ bàbá àgbà jù ni pé wọ́n kọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní ọdún tó ṣáájú ogun Côte d'Ivoire. Èmi, màmá mi àti bàbá àgbà là ń gbé ní yàrá méjì nínú àgbàlá kan tí ìdílé mẹ́fà pín. Àdògán onírin tí bàbá àgbà fi ń se sítáàṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan kán, wọ́n fi òkúta gbé e ró, òkúta náà sì ti ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ fún bí ọdún méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìkòkò yẹ̀. Omi gbígbóná máa ń ṣàn kúrò lára, ṣùgbọ́n sítáàṣì kì í ṣàn, ṣe ló máa ń lẹ̀. Ó dà sí wọn ní apá ọ̀tún, ní àyà, ní ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Oṣù méjì ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n sì padà dé, ìka mẹ́ta ti ká ní ọwọ́ ọ̀tún wọn, kò ṣeé nà. Oríkì mi ni wọ́n máa ń pè mí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi nípa ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Àṣàkẹ́, òkúta yẹn ti sọ fún mi tipẹ́ pé ó ti rẹ òun."

Àwọn ará wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tó bá mọ àwa Yorùbá Abidjan mọ̀ pé ẹnì kan ò lè kọsẹ̀ ní Koumassi kí wọ́n má gbọ́ ọ ní Adjamé. Àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì gbaka méjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti wọlé, á di, "Ẹ kú ewu, Bàbá! Ewu iná kì í pa àwòdì!" Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá ní, "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀?" Bàbá àgbà á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta. Mo máa ń rí ọwọ́ wọn bó ṣe ń gbọ̀n bí ìtàn náà bá ti dé ibi tí ìkòkò yẹ̀. Àwọn àlejò á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní a dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn mìíràn tó fẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí àwọn bíi mẹ́jọ ti wá, bàbá àgbà yíjú sí mi. "Àwòdì tí wọ́n ń wí yẹn," wọ́n ní, "ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀?"

Obìnrin Baoulé kan wà nínú àgbàlá wa, Tantie Aya là ń pè é. Òun náà wá. Ó gbé attiéké tútù, oúnjẹ gbágùúdá àwọn ará ibí, wá nínú àwo, ó ní, "Yako, le vieux. Yako," ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ. Yako ni àwọn ará ibí ń sọ fún ẹni tí nǹkan bá ṣe, bó ti tó nìyẹn, kì í bèèrè èsì. Bàbá àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọlé. Wọ́n ní, "Ìyẹn mọ èèyàn kí."

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rí i pé bàbá àgbà tó jáde nílé ìwòsàn kọ́ ni bàbá àgbà mi. Wọn kì í jẹ ohun gbígbóná mọ́. Wọn kì í wọ gbaka, torí pé àwọn èrò á máa wo ọrùn wọn. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn, títí dé òkè ni wọ́n ń dè é, nínú ooru Abidjan. Bí ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá bá gbé ìkòkò kaná, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó báyìí, wọ́n á dìde, wọ́n á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ oníbàárà wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ké, "Vieux père, c'est comment? On te voit plus!", pé àwọn kò rí wọn mọ́. Bàbá àgbà á rán mi jáde pé kí n sọ pé wọn kò sí nílé, àwọn ọmọ náà á sì máa wo ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ kọ́tìnnì.

Bàbá Délé ló wá dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Lọ́rì kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀ kúrò ní Èjìgbò, kí irùngbọ̀n tó hù wọ́n. Nínú ìjọ wa, ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ nínú ewu, yálà àìsàn tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ọwọ́ ọlọ́pàá, ó gbọ́dọ̀ kó ìdílé rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Ìsinmi tó parí oṣù, kó jó lọ síwájú pẹpẹ, kó sì jẹ́rìí.

"Mo ti bá pásítọ̀ sọ ọ́," Bàbá Délé wí. "Ìparí oṣù yìí ni."

"Ta ló rán ọ?"

"Ta ló máa rán mi? Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni?"

Bàbá àgbà gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè. "Wò ó dáadáa. Èwo ni oore níbẹ̀?"

"O wà láàyè!"

"Ohun tí èmi àti Ọlọ́run ń bá ara wa fà gan-an nìyẹn."

Bàbá Délé dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí wọ́n tó tún tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Pásítọ̀ náà wá, ó fi Bíbélì sọ̀rọ̀ títí, bàbá àgbà tẹ́tí sí i dáadáa, wọ́n sì fèsì bí alágbàfọ̀. "Pásítọ̀, aṣọ tí kò tíì gbẹ, ẹni tó bá ká a sínú àpótí, òórùn ló ká mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ ná." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ìjọ ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní agídí ni, àwọn mìíràn ní ìgbéraga ni, wọ́n sì ń sọ ọ́ sétí màmá mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń dirun.

Èmi ni mo máa ń fi òrí pa apá wọn, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, torí pé ojú àpá náà máa ń yún wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fi òrí ra ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: "Àṣàkẹ́, ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má jí. Kò dá mi lóhùn." Wọ́n wá ní kí n ra ẹ̀yìn apá náà dáadáa. Mo ra á tán. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo wọ bàtà, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Màmá mi fi irun oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì.

Ní ọjọ́ kejì màmá mi mú bàbá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó ń wo apá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n lọ sí yàrá kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkàn ènìyàn, psychologue. Bàbá àgbà fárígá. "Orí mi ò dàrú! Ọwọ́ ló jó, orí ò jó!" Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń sunkún ní ẹ̀yìn ilé, mo rò pé mo ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n pè mí. "Ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó dákẹ́, kò fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́. O ṣe é re. Inú ṣì ń bí mi o, ṣùgbọ́n o ṣe é re."

Nígbà tí wọ́n gbà láti lọ rí obìnrin náà, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ láti máa túmọ̀. Faransé bàbá àgbà, Faransé aṣọ ni: chemise, boubou, demain, c'est prêt. Obìnrin náà bi wọ́n pé, "Papa, dans la journée, c'est quel moment qui est dur pour toi?" Mo túmọ̀ rẹ̀, pé ìgbà wo ló máa ń le jù fún wọn nínú ọjọ́. Wọ́n ní, "Ìgbà tí wọ́n bá ń kí mi." Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ara máa ń rántí iná lẹ́yìn tí egbò bá ti jinná, pé sísá fún ìkòkò kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ojo. Ó ní kí wọ́n má fipá mú ara wọn, kí wọ́n máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bú u nígbà tí a bá jáde. Wọ́n ní, "Ṣé o rí kọ́là obìnrin yẹn? Ó dúró."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe èyí náà. Wọ́n po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, wọ́n fi fa ìlà kan sórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá, ní ọ̀nà jíjìn sí àdògán Tantie Aya. Wọ́n gbé àga sórí ìlà náà. Bí ìkòkò bá ń hó, wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí àyà wọn á fi rọlẹ̀, wọ́n á wá wọlé. Ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kò bá gbọ̀n mọ́ lórí ìlà kan, wọ́n á fa òmíràn níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ àgbàlá rò pé eré ni, wọ́n ń fò lórí àwọn ìlà náà, bàbá àgbà ń fi bàtà lé wọn. Ìlà mọ́kànlá ni. Ìkẹrin ló le jù, oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lórí rẹ̀, ó sì ní ọ̀sẹ̀ kan tí àga padà sí orí ìkejì. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá àgbà, ẹ̀yìn lẹ̀ ń lọ o." Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹni tó padà sẹ́yìn ṣì wà lórí ìlà."

Aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ̀, aṣọ ilé ìwé mi ni, bùláòsì funfun. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi di áyọ́ọ̀nù mú, èyí tó ká ni wọ́n fi tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Sítáàṣì tí wọ́n fi sí i pọ̀ débi pé mi ò lè tẹ orí wo ìwé mi ní gbogbo ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́là yẹn. Kò pẹ́ sí i, Bàbá Délé dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ abíyá.

"Ṣé wọ́n ṣì ń lọ aṣọ níbí?"

"Fún ẹni tó bá mú aṣọ wá."

Bí ìjà ọdún méjì ṣe parí nìyẹn. Bàbá Délé jókòó, wọ́n mu omi, wọn kò sì lè pa á mọ́ra. "Iṣẹ́ ti padà. Ìdúpẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ti dé," bàbá àgbà fèsì. "Èmi ni mi ò tíì dé."

Ọdún mẹ́ta ló tún kọjá. Bàbá àgbà ń lọ sí ìjọ, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó, bọ́tìnnì wọn wà ní dídè. Ní ọjọ́ Ìsinmi ìparí oṣù, bí wọ́n bá ti pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́, orí àwọn ará á yí sẹ́yìn wá wò wọ́n. Bàbá àgbà ní tiwọn á máa wo kọ́là àwọn tó yíjú náà.

Ní ìparí oṣù kan, wọ́n pe Pélagie. Ará Porto-Novo ni, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gáàsì ló gbiná mọ́ ọn nínú ilé ìdáná, ó jó o lójú àti lọ́wọ́ méjèèjì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó jáde nílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ní ìdúpẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù yẹn. Àga tó wà níwájú wa ló jókòó sí, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn akọrin dá orin sílẹ̀. Ìdílé ọkọ ti dìde, wọ́n ti ń jó. Pélagie dìde, kò lè gbé ẹsẹ̀. "Avance, ma fille, máa bọ̀," ìyá ọkọ ń wí, gbogbo ìjọ sì ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá àgbà dìde. Wọ́n fi ọwọ́ tó ká lé e léjìká. Wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi. Tèmi ni òní. Tìrẹ ń bọ̀."

Pélagie jókòó. Bàbá àgbà rìn lọ síwájú. Wọn kò jó, ìrìn lásán ni. Bí wọ́n ṣe dé ìdí igbá ọrẹ, wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju búlúù inú ọ̀rá kékeré kan lọ. Wọ́n fi í sínú igbá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí wọn pé kí wọ́n jẹ́rìí.

"Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí," wọ́n ní. "Iná jó mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kí n kú, kò gbọ́. Inú bí mi. Ẹ ní kí n wá dúpẹ́, mo ní mi ò tíì gbẹ. Mo ti wá. Ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí òun náà gbẹ."

Bàbá Délé ló kọ́kọ́ bọ́ síta láti orí ìjókòó wọn. Wọ́n jó dé ẹ̀yìn bàbá àgbà, wọ́n ń jó, wọ́n ń sunkún, àwọn akọrin bá tún gbé orin náà. Kò sí ẹni tó tún pe orúkọ Pélagie lọ́jọ́ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ náà sì padà wá jókòó.

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi wọ́n. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ti gbẹ lóòótọ́?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé tí ẹ jáde?"

"Ọmọ yẹn tutù jù mí lọ."

"Ẹ wá parọ́ fún Ọlọ́run nìyẹn?"

Wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀ woro-woro kan. "Mo ṣe é sílẹ̀ ni. Kó bá mi fi pamọ́."

Lẹ́yìn náà, Pélagie máa ń wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn lórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá. Wọ́n tún àwọn ìlà náà fà fún un. Mi ò gbọ́ ọ rí kí bàbá àgbà bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Niangon ní òdì kejì ìlú, a kò rí i déédéé mọ́. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìdúpẹ́ yẹn, mo ń bá bàbá àgbà ká aṣọ láàárọ̀, wọ́n dá ọwọ́ dúró. Bọ́tìnnì òkè ṣẹ́ẹ̀tì wọn wà ní ṣíṣí, mi ò sì tíì kíyè sí i. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ọpẹ́ tí mo ṣe sílẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ti bá a."

Wọ́n kú ní ọdún ìdìbò, kí ìbọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílùú. Wọ́n jẹun ọ̀sán, attiéké gbígbóná, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi, wọ́n sì dùbúlẹ̀. A sin wọ́n síbí. Òkú àgbà ni, wọ́n ní kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, nítorí náà ìdúpẹ́ di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ pe àwọn ọmọ, àwọn ọmọ jáde. Ó pe ọmọ ọmọ. Èmi nìkan ni ọmọ ọmọ tó wà ní Abidjan. Bàbá Délé, tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ń ké sí mi láti iwájú pé, "Àṣàkẹ́, ijó lo máa jó o! Òkú olóore ni!" Mo dìde. Mo di àga iwájú mi mú. Ohun tó wà nínú mi kì í ṣe ọpẹ́. Inú ń bí mi pé wọ́n kú lójú oorun ọ̀sán láì pè mí, mo sì ń ro ta ni yóò tún máa pè mí ní oríkì nínú ilé yẹn. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́.

Ẹnì kan fi ọwọ́ lé mi léjìká láti ẹ̀yìn. Mo mọ awọ ọwọ́ náà kí n tó wo ojú. Pélagie ni, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ti wọkọ̀ láti Niangon láti àárọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é tí bàbá àgbà ní kó jókòó, kò tíì jáde dúpẹ́ rí.

"Jókòó, chérie," ó ní. "Tèmi ni òní. Tìrẹ ń bọ̀."

Ó kọjá lára mi, ó ń lọ síwájú, ó ń jó. Mi ò bi í bóyá ó ti gbẹ. Mo jókòó.